A Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Àga kan ṣoṣo ni bàbá mi ní,
àga irin, awọ pupa tí oòrùn etíkun ti bó.
Ó rà á lọ́wọ́ oníṣègùn eyín kan tó ń sá lọ sí Mayámì.
Ní Tèwouj, níbi tí a ti ń fa omi òkun wá sórí ilẹ̀
kí oòrùn lè sọ ọ́ di iyọ̀,
kò sí orí ọkùnrin tí kò tíì fara ti àga yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Sájẹ́ǹtì Lisyen jókòó,
ó gbé ìbọn lé itan bí ẹni gbé ọmọ.
"Fá a kanlẹ̀, Anòl. Ooru ń mú."
Abẹ rìn láti etí dé etí.
Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Abẹ kò sọ̀rọ̀.
Ó sanwó, kò san án tán.

Lọ́jọ́ Ajé, àgọ́ ọlọ́pàá ń jó.
Èéfín táyà wọ inú búrẹ́dì, ó wọ inú aṣọ tí a sá,
Selimèn ní ó wọ inú omi ọmú.
Àwọn ọmọ tí a mọ orúkọ wọn, tí a mọ gbèsè wọn,
ta okùn dí orí afárá,
ìbọn ọwọ́ wọn dàgbà ju àwọn fúnra wọn lọ.
Vilnè wà lára wọn, Vilnè ọmọ Selimèn,
tó ń sin àkùkọ ìjà,
tó máa ń fẹnu fọ́n omi sí wọn lójú kí wọ́n tó wọ agbo.

Ó wọlé. Ó jókòó sórí àga kan náà.
Ó gbé ìbọn lé itan. Ẹ ti mọ bó ṣe gbé e.
"Ọ̀gá Anòl, ẹ fá a kanlẹ̀. Ọ̀la la ń lọ sí olú-ìlú."
Ìrorẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Bàbá mi pọ́n abẹ lára awọ, ó tún un pọ́n,
ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ.
Ó ní kó gbé àgbọ̀n sókè.

Rédíò kò sùn lọ́sẹ̀ yẹn.
Ó ní ìlú rọ̀ wọ̀ọ̀; à ń gbọ́ ìbọn bó ṣe ń sọ ọ́.
Lóru Ọjọ́bọ̀, bàálù kan fò kọjá lókè adágún iyọ̀,
kò tan iná.
Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni a gbọ́ pé ààrẹ ló wà nínú rẹ̀,
òun, aya rẹ̀, àti ajá méjì.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.
Olórí ti lọ, wọ́n ṣì ń fá wa,
láàárọ̀, àwọn tó wọ bàtà ológun,
nírọ̀lẹ́, àwọn tó faṣọ bojú.
Afárá tí wọ́n ní àwọn gbà fún wa,
owó ibodè rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì.
Iyọ̀ kò rí ọkọ̀ gbé e. Ó ń yọ́ padà di omi.

Vilnè kò dé.
Ẹnìkan ní òun rí i lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ẹnìkan ní òun rí bàtà rẹ̀.

Selimèn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó wo ilẹ̀. Ó wo ìgbálẹ̀.
"Anòl, irun tí o fá lórí ọmọ mi, ibo lo gbá a sí?
Mo fẹ́ nǹkan tí mo lè sin."

Àpò kan wà lẹ́yìn ilé, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń da irun sí.
Bàbá mi gbé e wá, ó tú u sílẹ̀.
Irun oṣù kan: dúdú lórí dúdú,
funfun díẹ̀ lára àwọn àgbà tó ń wa iyọ̀.
Irun Lisyen wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀.
Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fìka yà á,
ó ń gbé e símú
títí ojú ọjọ́ fi ṣú.
Nígbà tó yá, ó kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó dì í sínú ìborùn rẹ̀,
ó béèrè iye tó jẹ́.

Bàbá mi yí àga kọjú sí ògiri.
Ó wà bẹ́ẹ̀ dòní, àwọn ọmọdé ń gun un ṣeré.
Irun mi ti gùn dé èjìká.